Ẹ Ka Ìka Ọwọ́ Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará, mo kí yín ní orúkọ Ẹni tó dá ọwọ́ sí wa lára, tó sì mọ iye ìka tó wà lára ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn, torí bí ọ̀rọ̀ bá gùn tán, ó lè jẹ́ ìbínú ni yóò gbẹ̀yìn lẹ́nu mi, n kò sì fẹ́ kí ọpẹ́ sọnù sínú rẹ̀. Ó ṣeun. Ó gbà mí. Ẹ bá mi ṣe àmín sí i.

Ìwé lẹ rí lọ́wọ́ mi yìí. Àwọn àgbà ìjọ ló ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ sílẹ̀, kí wọ́n lè kà á kí n tó dìde. Wọ́n kà á. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹnì kan níbi mẹ́rin, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo ti yọ ọ́. Níbi tí orúkọ náà wà, màá máa wí pé “arákùnrin náà”. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ohùn.

Èmi ni Sidonie, ọmọ Ìyá Ahoyéyé. Púpọ̀ nínú yín ti jẹ epo wa. Fún ẹni tí kò tí ì jẹ ẹ́, zomì ni à ń ṣe, epo pupa tí a fi àlùbọ́sà, áyù àti ata ilẹ̀ sè dáadáa kó tó wọ ìgò, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Màmá mi ló ń sè é ní Ahoyéyé. Èmi ló ń rọ ọ́ sígò ní Pobè, tí mo ń tà á. Máàkì wa, orúkọ tí a fi ń tà á, ni Ọwọ́ Ìyá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí máàkì náà ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Nígbà tí màmá mi wà ní ọmọge, ó ń gé ìdì ẹyìn, àdá yẹ̀, ó sì gé ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìdajì. Ìdajì tó kù yẹn ló fi tọ́ wa. Òun ló fi ń tọ́ epo wò bóyá ó ti jinná. Nígbà tí mo ń wá ohun tí màá fi sára etikẹ́ẹ̀tì, èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ìgò, mo ní kó ki ọwọ́ bọ epo kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́rin gùn, ọ̀kan kúrú. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sidonie, o fẹ́ fi àbùkù mi ṣe owó.” Mo ní, “Màmá, kì í ṣe àbùkù, òǹtẹ̀ ni.” Ọwọ́ yẹn ló wà lára gbogbo ìgò wa.

N kò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú fóònù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lórí pááji tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn Cotonou àti Porto-Novo ti ń kọ kọmáǹdì wọn, iye ìgò tí wọ́n fẹ́. Bí fẹ́ẹ̀tì, ọdún Kérésìmesì, bá sì ti ń súnmọ́ lóṣù Kejìlá, ohun tí mò ń tà lóṣù kan yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìyókù ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ pa mí, oṣù yẹn ló yẹ kó yàn. Oṣù yẹn náà ló yàn.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìsìn Kọ́kọ́rọ́ tí a máa ń ṣe nínú ìjọ yìí kí fẹ́ẹ̀tì tó dé. Oníṣọ́ọ̀bù á mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá, onízémì á mú ti alùpùpù rẹ̀, àwọn ará Aguidi á mú àgádágodo àká àgbàdo wọn. A ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n níwájú pẹpẹ, àwọn àbẹ́là á yí i ká, kálukú á wá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Wòlíì dìde, wọ́n ní, “Fẹ́ẹ̀tì ń bọ̀, olè sì fẹ́ràn fẹ́ẹ̀tì ju ọmọdé lọ. Ẹni tí kò bá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi sínú agbọ̀n.”

Kó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Mo jókòó, mo bi ara mi pé kí ni kọ́kọ́rọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú fóònù, mó-dù-páàsì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí èèyàn fi ń wọlé. Mo ya ìwé kan nínú kájé mi. Mo kọ Ọwọ́ Ìyá sókè. Mo kọ nọ́ńbà tí mo fi ń wọlé sábẹ́ rẹ̀. Mo wá kọ mó-dù-páàsì náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ńlá ní ńlá, kékeré ní kékeré, kí Ọlọ́run má baà ṣì í kà. Mo ká a ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo jù ú sínú agbọ̀n, mo sì kúnlẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá ń pa yín lẹ́rìn-ín. Mo ka jẹ́sítíọ̀n, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò, ní yunifásítì, mo sì gba oyè mẹ́tírìsì. Odidi ìdajì ọdún ni wọ́n fi kọ́ wa nípa bí a ti ń dáàbò bo máàkì, bí a ti ń lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí ẹlòmíràn tó fi í sílẹ̀. Mo gba èsì tó dára nínú ìdánwò náà. N kò fi Ọwọ́ Ìyá sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Mò ń sọ ọ́ lọ́la, mò ń sọ ọ́ lẹ́yìn fẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo kà á mọ́ ara mi kí n tó ka ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ka ti ẹlòmíràn náà. Lọ́jọ́ kejì tí a wá gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà nínú agbọ̀n, gbogbo ìwé wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n ká a. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi ká a. Mo rí i. Ọkàn mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ní kó dákẹ́, pé iwájú pẹpẹ nìyí. Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi rò pé ìfura ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, fóònù mi tì mí sóde. Mo tẹ mó-dù-páàsì, ó ní kì í ṣe òun. Mo tún un tẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi, wọ́n ní nọ́ńbà náà kì í ṣe ti ẹni tó ni pááji. Pááji ọ̀hún wà níbẹ̀, ó ń tàn yòò. Fọ́tò màmá mi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà máa pè nìkan ló yí padà, ó di èyí tí n kò mọ̀.

Mo lọ sí kọmísáríà ọlọ́pàá. Ẹni tó gbà mí níbẹ̀ kò burú, ó fún mi ní àga. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìwé inú agbọ̀n, ó gbé bíìkì rẹ̀ sílẹ̀.

“Màdáàmù, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kọ́kọ́rọ́ fún olè, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Kí n kọ pé wọ́n jà á lólè ni?”

“Ọlọ́run ni mo kọ ọ́ fún.”

“Ṣé kí n kọ ìyẹn síbẹ̀?”

Ó wá bi mí bóyá mo ti fi máàkì náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Mo ní n kò tí ì ṣe é. Ó ní bí kò bá sí lábẹ́ òfin, ó máa pẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí.

Mo gba fóònù àǹtí mi, mo kọ̀wé sí pááji mi bí ẹni tó fẹ́ rà. Mo kọ ọ́ pé, “Ẹ káàárọ̀, ṣé zomì ṣì wà?” Kò pẹ́ tí èsì fi dé: “Ẹ káàárọ̀ o, oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Ọwọ́ Ìyá kì í rẹ̀. Ìgò mélòó ni ká dì fún yín?” Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò màmá mi, tí èéfín ń ta mí lójú. Olè náà kò tiẹ̀ ṣe wàhálà àtiwá irọ́ tirẹ̀. Òótọ́ mi ló fi ń purọ́.

Kérésìmesì dé. Ẹ jẹ́ kí n yára níbí, torí ó ń bà mí nínú jẹ́. Epo tó ti kan ni olè náà rọ sínú ìgò fún àwọn oníbàárà mi, epo àtijọ́ tó po àwọ̀ mọ́ kó lè pọ́n. Nọ́ńbà tèmi gan-an ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà àtijọ́, èmi ni wọ́n sì ń pè. Ìyàwó ilé kan ní Porto-Novo pè mí ní ọ̀sán Kérésìmesì gan-an. Kò pariwo. Ó ní, “Màdáàmù Sidonie, ọbẹ̀ mi hó bí omi ọṣẹ. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀.” Ó pa fóònù. Ó sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Mo ní kì í ṣe èmi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé kì í ṣe èmi. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dá mi lóhùn? “Ọwọ́ ìyá yín ló wà lára ìgò.”

Ní ọjà Pobè, mo ń ra àlùbọ́sà, obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, wọn kò rí ojú mi.

“Ìyá tó ń ṣe epo yẹn, ṣé o mọ̀ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ò pé?”

“Ìka ló dín,” èkejì dá a lóhùn, “ìkà ló lé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn lẹ́nu, mo gbà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gun zémì dé Ahoyéyé.

Nígbà tí mo dé ilé màmá mi, ìkòkò epo dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ìró, àwo ẹ̀kọ wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Ẹ̀yin ará, màmá tó nà mí ní kékeré nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Mo ní, “Màmá, ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun?”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Òun nìkan ni wọn ò tí ì sọ̀rọ̀ ẹ̀.”

“Màmá, olè ló ṣe é. Kì í ṣe epo yín ni wọ́n jẹ.”

“Mo mọ̀. Ta ló máa lọ láti ilé dé ilé lọ sọ fún wọn? Ìwọ lo mú ọwọ́ mi lọ sí ìgboro, Sidonie. Mo ní àbùkù ni, o ní òǹtẹ̀ ni.”

Mo fi ìkòkò náà sílẹ̀ bí mo ṣe bá a, mo sì jáde.

Mo padà sí Pobè, n kò wá sí ìsìn fún ọjọ́ ìsinmi méjì. Kì í ṣe pé mo ṣàìsàn. Ìwé tí wọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́rin yẹn ni mò ń rò. Bàbá Wòlíì wá kó àwọn kan jọ, wọ́n wá kí mi nílé. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n. Ẹni tó gbé àbẹ́là ni arákùnrin náà. Òun ló máa ń tọ́jú agbọ̀n àdúrà fún wa. Òun náà ló máa ń tẹ ìkéde ìjọ, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wa, torí òun ló ní ọ̀díná, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, “Má sẹ̀ẹ̀, arábìnrin mi, ẹ pẹ̀lẹ́.” Mo fún un ní omi, ó mu ún.

Bàbá Wòlíì jókòó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí lo kọ sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an?”

“Kọ́kọ́rọ́, Bàbá, bí ẹ ti wí.”

“Kọ́kọ́rọ́ wo?”

Mo ṣàlàyé. Mó-dù-páàsì ni, ohun tó ń ṣílẹ̀kùn pááji. Bàbá ní, “Irin ni mo wí, ọmọ mi. Kọ́kọ́rọ́ irin. Mo ní kí ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀ sílé kọ ọ́ pé ‘kọ́kọ́rọ́ ilé mi’, ó tán.”

Arákùnrin náà ń wo ìda àbẹ́là tó ń ro sí i lọ́wọ́. Ó ní, “Má sẹ̀ẹ̀, ẹ gbé e fún Ọlọ́run. Nǹkan orí ẹ̀rọ, bó ṣe máa ń lọ nìyẹn.”

A dìde láti gbàdúrà. Bàbá Wòlíì kò fà á gùn. Gbólóhùn kan ni wọ́n sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ dì í mú: “Olúwa, kí ọwọ́ tó ṣe é fi ara rẹ̀ hàn.” A ṣe àmín. Àmín arákùnrin náà ròkè ju ti gbogbo wa lọ. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé Ọlọ́run gbọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àmín tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Tantí Bernadette pè mí láti Sakété. Agbẹ̀bí ni, ó ti ń ra epo wa láti ìgbà tí kò tí ì ní etikẹ́ẹ̀tì. Èèyàn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni.

Ó ní, “Sidonie, mo bá yín yọ̀ o.”

“Kí ló dé, Tantí?”

“Wọ́n ní ọwọ́ ìyá yín ti hu ìka.”

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ọjà náà ni, mo fẹ́ pa fóònù. Ó ní, “Má bínú sí mi, gbọ́ mi. Ẹnì kan gbé ìgò epo yín wá kí mi fún fẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mò ń ka ìka ọmọ tuntun lójoojúmọ́, mi ò lè ṣàì kà á. Márùn-ún ló pé, gbogbo wọn gùn. Ìgbà wo ni ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà?”

Mo gun zémì lọ sí Sakété lójú ẹsẹ̀. Àwọn kámíọ̀n Onigbolo ń da eruku símẹ́ǹtì sí wa lára, n kò tiẹ̀ nu ojú. Tantí gbé ìgò náà sórí tábìlì. Orúkọ wa ni. Àwọ̀ wa ni. Ọ̀rọ̀ wa ni. Ọwọ́ ni kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan ti gbé ìka òrùka màmá mi, ó sì ti fà á gùn títí ó fi bá àwọn yòókù dọ́gba.

Ẹ̀yin ará, mo jókòó, mo tún àwọn ìka náà kà. Kí ọwọ́ tó ṣe é fi ara rẹ̀ hàn. Bàbá kò mọ bí àdúrà náà ṣe máa rìn. Èmi náà kò mọ̀.

Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ibẹ̀, torí ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ irú etikẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Sakété. Ẹnì kejì tí mo bá ló tẹ̀ ẹ́. Kò sá, kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ ń yọ̀ sí mi.

“Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ ṣeun, iṣẹ́ náà dára. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní àléébù o, ìka kan ti gé. Mo bá yín tún un ṣe. Mi ò gba nǹkan kan lé e.”

Mo ní, “Ta ló fi í ránṣẹ́?”

“Arákùnrin kan ni, ó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wá gbà á, láìwọ bàtà. Mo fọkàn tán an. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí.”

Mo mú fóònù mi. Mo ń tẹ nọ́ńbà náà ní ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á. Bí mo ti tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, orúkọ yọ lójú fóònù mi, torí nọ́ńbà náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyí: Ìkéde Ìjọ.

Ẹ má ṣe kùn. Ẹ jẹ́ kí n parí.

N kò pè é. Mo gba fókáàlì kan sílẹ̀, ohùn ara mi, mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà tí mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní: “Èmi Sidonie ni. Wọ́n ti jí pááji mi. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi jiyàn, ẹ ka ìka. Ọwọ́ màmá mi, mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Bí ẹ bá ka ìka tó pé márùn-ún lára ìgò, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ olè ni. Àléébù ni tiwa, pípé ni tiwọn.”

Ẹ mọ bí fókáàlì ṣe ń rìn. Ó dé Cotonou. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ Onigbolo, ó di ìkíni láàárín wọn. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n á na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé kámíọ̀n, wọ́n á ká ìka òrùka dé ìdajì. “Tantí Sidonie, a kà á o.” Ní ọjà Pobè, àwọn obìnrin ń da ìgò náà padà fún ẹni tó gbé e wá bá wọn. Ìyàwó ilé Porto-Novo yẹn tún pè mí. Ó ní, “Mo yẹ ìgò náà wò. Márùn-ún ni. Ẹ dárí jì mí.” Ó wá ní kí n fi ojúlówó ránṣẹ́, pé ìyá ọkọ òun ṣì wà níbẹ̀, kí òun lè tún orúkọ ara òun ṣe.

Àwọn àgbà pe arákùnrin náà. Kò sẹ́. Ó ní, “Iwájú mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èmi ò fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.” Ó ní òun fẹ́ dá a padà lẹ́yìn fẹ́ẹ̀tì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ dá padà fún màmá mi. Wọ́n ní kó kọ mó-dù-páàsì tuntun tó fi ti pááji náà pa sínú ìwé fún mi. Ó kọ ọ́, ó nà án sí mi. Ohun tó kọ ni dieumerci, ‘ọpẹ́ fún Ọlọ́run’ ní èdè Faransé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Odidi oṣù kan, kó tó wọlé lọ fi ọwọ́ màmá mi ta májèlé, orí ọpẹ́ Ọlọ́run ló ń tẹ̀ kọjá.

Pááji ti padà sọ́wọ́ mi. Mo ti lọ sí Cotonou, mo ti fi máàkì náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ náà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìka òrùka dé ìdajì, kí ẹnikẹ́ni má bá wa tún un ṣe mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ ṣe tiyín kí fẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ má dúró de lọ́la bíi tèmi. Bí ẹ bá sì mú kọ́kọ́rọ́ wá síbí, kó jẹ́ irin. Ọlọ́run mọ mó-dù-páàsì yín, ẹ kò ní láti kọ ọ́ fún un.

Wọ́n ní kí n dárí jì. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu. Ọkàn mi ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe epo, kì í ṣe oníbàárà, wọ́n ti padà. Ìkòkò tún ti wà lórí iná ní Ahoyéyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni màmá mi fi ń tọ́ epo wò. Gbogbo ayé ti ka ìka rẹ̀, wọ́n ti dá a láre. Òun nìkan ni kò tí ì mú ọwọ́ náà jáde lábẹ́ ìró.

Ibi tí mo kọ dé nìyí. Èyí tó kù, kò sí nínú ìwé, àwọn àgbà kò kà á.

Lọ́jọ́ Jímọ́ tó kọjá, màmá mi bi mí pé, “Ilé àdúrà yín yẹn, ṣé wọ́n ń gba ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀?” Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìsìn wa ló ń ṣe, ti bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Mo ní, “Wọ́n ń gbà á, Màmá. Kẹ́ ẹ kàn bọ́ bàtà.” Ó ti bọ́ bàtà. Ó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, ó ró aṣọ búlúù. Ẹ má yíjú. Mo bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má yíjú wo ẹ̀yìn.

Ẹ kàn bá mi dìde. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, gbogbo yín, pẹ̀lú àléébù tó bá wà lára rẹ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó dá a bẹ́ẹ̀ tí kò sì tún un ṣe. Ẹ gbé e sókè dáadáa. Èmi tí mo kọjú sí yín nìkan ló ń rí ohun tí mò ń rí.

Ó ti tú etí ìró. Ó ti mú un jáde. Mò ń kà á láti ibi tí mo dúró sí, mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ògo ni fún Olúwa. Ẹ bá mi yọ̀.